Kí A Tó Ra Jíìpù Tòkunbọ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tí Yóò Máa Jẹ

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ jíìpù ni, àwọn jíìpù ńlá tòkunbọ̀ tí baálé ilé máa ń rà nítorí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà ni pé lẹ́yìn ìpàdé wa kan ní Sàmárù níbí, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ó fi orúkọ bò ó láṣìírí. Ìwé, bírò àti ohun èlò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tà nítòsí Yunifásítì Ahmadu Bello. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ìyá rẹ̀ àgbà sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ènìyàn méje ni gbogbo wọn nínú ilé. Ó ní wọ́n fi jíìpù méjì han òun ní Kaduna. Èkínní jẹ́ Toyota Highlander tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Èkejì jẹ́ Toyota Sequoia tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, ó ga, ó gbòòrò, ènìyàn lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Sequoia yìí, bó ṣe tóbi tó, owó rẹ̀ kéré sí ti Highlander. Ó ní, "Alága, ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ ṣe mí lóore ni?"

Àwọn tó wà nítòsí ti ń pariwo pé kó tètè lọ rà á kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwa ní kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. A ní ṣebí ìwé ló ń tà, kó mú ọ̀kan nínú ọjà rẹ̀, kó jókòó, kó kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà yóò jẹ láàárín ọdún kan sínú rẹ̀, kó sì gbé e wá. Ohun tí a jọ rí nínú ìwé náà la fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Kí ló dé tí ọkọ̀ ńlá fi pọ́ọ́kú ju kékeré lọ? Ọjà tí àwọn ènìyàn bá ń sá fún, owó rẹ̀ ló ń wálẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Zazzau, tí a máa ń wo ẹṣin ọba àti ti àwọn ìjòyè lọ́jọ́ Sálà, a mọ̀ pé owó ẹṣin kì í tán lọ́jọ́ tí a rà á. Koríko wà níbẹ̀, ọkà wà níbẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ẹṣin rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ fún wa, oúnjẹ ẹṣin náà ló fẹ́ gbé kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Bí ti jíìpù ṣe rí gan-an nìyẹn.

A kò sọ èyí bí ẹni tí kò fara kó o. Ní ọdún 2010, àwa náà ra jíìpù ńlá oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ. ₦65 ni lítà epo bẹntiróòlù kan nígbà náà. Nígbà tí a gbé e wọ ìlú wa lọ́dún náà, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa lẹ́yìn, àwọn àgbà sì ń sọ pé òkè Ọya ti gbè wá. Inú wa dùn, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di January 2012, ìjọba gbé epo láti ₦65 lọ sí ₦141. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìlú gbóná, wọ́n sì dá a padà sí ₦97. Láti ìgbà náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jíìpù wa sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí à ń wọ ọ̀kadà lọ sí ọjà. Nígbà tí epo di ₦145 ní May 2016, adìyẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà. A tà á. Owó tí a rí gbà lórí rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí a fi rà á. Bí ẹ bá gbọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ jíìpù, ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ló ń sọ̀rọ̀ nípa ejò.

Ẹ sì wò ó, ohun tí ojú wa rí nígbà yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi máa di July ọdún náà, epo ti di ₦617 lójú páńpù. Nígbà tó di 2024, ó ju ₦1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní June 2023 náà ni Náírà jábọ́ gan-an níwájú Dọ́là, èyí tó mú kí owó táyà, owó ọ́ìlì àti owó sípíà páàtì fò sókè, nítorí pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá.

Kí wá ló ń mú wa wá jíìpù? Ṣebí àwọn bàbá wa kò ní jíìpù tí wọ́n fi ń lọ sílé. Láti nǹkan bí ọdún 1912 tí ojú irin tó ti Èkó wá ti wọ Kánò, tó sì gba Zaria kọjá, ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ dé ìhín. Ará Ọ̀ffà a sọ̀ ní Ọ̀ffà, ará Ìlọrin a sọ̀ ní Ìlọrin, ará Ogbómọ̀ṣọ́ a tún wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀ láti ibẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń rò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dẹnu kọlẹ̀, a bọ́ sí orí títì. Títì náà tún gùn sí i, nítorí pé ọ̀nà Birnin Gwari sí Tegina, Mokwa àti Jẹ́bà tó kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wa ti pa á tì nítorí àwọn ajínigbé. Abuja, Lọ́kọ́ja àti Kàbbà là ń gbà yípo báyìí kí a tó já sí Ìlọrin. Ẹni tó ní ìyá arúgbó àti ọmọ mẹ́rin kò ní fẹ́ kí wọ́n máa bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wíwá ọkọ̀ tó gba gbogbo ilé kì í ṣe fáàrí lásán. Àìní gidi ni. Àìní yìí ló sì yẹ ká fi ìṣirò bá lò.

Ó yá, ẹ mú bírò. A fi ₦1,000 ṣe owó lítà kan kí ìṣirò má baà le. Ẹ fi iye tó bá wà lójú páńpù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kà á rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin wa yìí ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ó sì ń lọ ra ọjà ní Sabon Gari. Ó ní bí òun bá ní ọkọ̀, kò ní dín ní 30 kìlómítà lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ìyẹn jẹ́ 9,000 kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ máa lọ sílé lọ́dún, nígbà Iléyá àti nígbà ọdún tuntun. A fi 800 kìlómítà ṣe àlọ, 800 ṣe àbọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3,200 kìlómítà.

Jíìpù tòkunbọ̀ tó ti gbó díẹ̀, tó kún fún ènìyàn àti ẹrù, a ṣírò rẹ̀ báyìí. Highlander oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin yóò mu bíi lítà 14 fún 100 kìlómítà láàárín ìlú àti lítà 12 lórí títì ńlá. Oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà yóò mu 16 láàárín ìlú àti 14 lórí títì. Sequoia yóò mu 20 láàárín ìlú àti 17 lórí títì.

Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin mu lítà 1,644 lọ́dún, oní-mẹ́fà mu 1,888, Sequoia mu 2,344. Bí a bá sọ ọ́ di owó, Highlander kékeré jẹ ₦1,644,000, Highlander ńlá jẹ ₦1,888,000, Sequoia jẹ ₦2,344,000. Lítà 700 gééré ló wà láàárín Sequoia àti oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 700 yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nígbà tí lítà jẹ́ ₦65, lítà 700 jẹ́ ₦45,500 lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ṣe fáàrí nígbà náà, ó lè ṣe é, kò ní pa á lára púpọ̀. Lónìí, tí a bá fi ₦1,000 ṣírò, lítà 700 kan náà jẹ́ ₦700,000. Ọkọ̀ náà kò yí padà, ọ̀nà náà kò yí padà, owó epo ló yí padà. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ fún yín pé òun lo oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ fún ọdún mẹ́wàá tí kò sì sí wàhálà, ẹ bi í pé láti ọdún wo sí ọdún wo.

Epo nìkan kọ́ ló ń jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin gba bíi lítà 4, oní-mẹ́fà gba bíi lítà 5, ti Sequoia ju lítà 6 lọ. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ yàtọ̀ sí mẹ́rin nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn. Táyà Sequoia fẹ̀ ju ti Highlander lọ, márùn-ún ni ẹ ó sì rà bí ẹ bá ka ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá ń ra táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ nínú ìtòsí, bó ti wù kó dán tó, oòrùn àárín March sí April lórí títì Lọ́kọ́ja lè bẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn èyí ni bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn bẹ́líìtì. Highlander oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ti ọdún 2004 sí 2007, ẹ́ńjìnnì 3.3, bẹ́líìtì ló ń lò. Sequoia ti ìgbà náà àti Honda Pilot náà ń lo bẹ́líìtì. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀ ní 90,000 máìlì. Bó bá já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ dúró nìyẹn, ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan yóò sì ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin àti ẹ́ńjìnnì 3.5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ń lo ṣéènì, tí kì í béèrè irú pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé máìlì la sọ, kì í ṣe kìlómítà. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. Bí ó bá kọ 100,000, ọkọ̀ náà ti rin nǹkan bíi 160,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ti ra ọkọ̀ tó ti rẹ̀ tán, tí wọ́n rò pé ọ̀dọ́ ni.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń rìnrìn àjò mọ̀, tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ nítorí ẹwà kì í rò. Ẹ́ńjìnnì 3.3 tó wà nínú Highlander yẹn náà ló wà nínú Toyota Sienna ti 2004 sí 2006, òun náà ló sì wà nínú Lexus RX330. Sienna sì rèé, òun ni àwọn awakọ̀ fi ń kó èrò láti Kwangila lọ sí ibi gbogbo. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní Lọ́kọ́ja tàbí ní Òmù-Àrán, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ̀ ọ́n, sípíà rẹ̀ sì wà nítòsí. Ọkọ̀ tí awakọ̀ èrò ń lò, sípíà rẹ̀ kì í wọ́n lójà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo ní ní gbogbo àdúgbò, ó lè fi oṣù kan dúró de ẹ̀yà ara kan láti Ládípọ̀ ní Èkó, kí wọ́n sì tún gbé èyí tí kò bá a mu wá.

A kò bú Sequoia o. Ẹ́ńjìnnì 4.7 rẹ̀ lágbára, ó sì ń pẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ gbé e, kó rà á, kó gbádùn rẹ̀. A kò sì sọ pé oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ojútùú fún gbogbo ènìyàn. Bí ènìyàn méje bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àpò gààrí àti iṣu nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, tí ẹ wá kan òkè, ẹ́ńjìnnì kékeré yóò máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, epo tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ yóò sì dínkù. Kì í sì í ṣe gbogbo Highlander ló ní àga ẹ̀yìn kẹta. 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí i, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má fojú fo ìwé ọkọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀ mọ́. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ní Kùtọnù ló ti gbé e wá lọ́nà ẹ̀bùrú, tí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí, ẹ rántí pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà lójú ọ̀nà wa láti ìhín dé ilé. Owó kékeré tí wọ́n fi tàn yín lè di òfò pátápátá. Ìdánilójú, èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ ilé, ti di ₦15,000 láti January 2023. Ẹ tún wo nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tó ṣe ìkẹwàá níbẹ̀ ló ń sọ ọdún tí a ka ọkọ̀ náà sí. 4 ni 2004, 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹni tó bá pe 2005 ní 2008 fún yín, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa tú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ló sì wúwo jù fún àwa ará Sàmárù. Ibi tí owó wa ti ń wọlé dà? Yunifásítì ni. Ẹni tó ń ta ìwé, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ní ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ọwọ́ kan náà ló ń bọ́ gbogbo wa. Ní ọdún 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti February títí di October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ rántí bí Sàmárù ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ọkùnrin wa gbé ìwé rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ bá a wá. Ìyàwó náà wo ìṣirò náà, ó ní, "Alága, ẹ bá mi bi í, nínú gbogbo ohun tó kọ yìí, oṣù tí Yunifásítì bá ti ìlẹ̀kùn dà?" Ọkùnrin náà kò lè dáhùn. Àwa náà kò rí ìdáhùn fún un. A rí i pé gbogbo wa ti ń ṣírò bí ẹni pé owó yóò máa wọlé lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ la ti tún un ṣe. Kò ra Sequoia. Ó ra Highlander oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, lẹ́yìn tí mẹkáníìkì tí a mọ̀ bá a dé Kaduna, tó sì ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e rin ìrìn àjò kankan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń gbé e jáde lọ́sẹ̀. Èyí sọ epo ìlú rẹ̀ di lítà 720. Bí a bá fi lítà 448 ti ìrìn àjò ilé kún un, ó di 1,168 lọ́dún. Ó dá àjọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ₦30,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún, ìyẹn jẹ́ ₦1,560,000. Tí a bá yọ ₦1,168,000 owó epo kúrò, ₦392,000 ṣẹ́kù fún ọ́ìlì, búréèkì, ìwé ọkọ̀, àti àwo afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí eruku ọyẹ́ máa ń dí. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun bí, jíìpù ni ìkarùn-ún, òun náà ní owó ilé ìwé tirẹ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé ìyẹn, kó má bara jẹ́. Ọkọ̀ kékeré bíi Corolla tó ń mu bíi lítà 9 láàárín ìlú yóò lo lítà 810 fún 9,000 kìlómítà kan náà. Kí ó fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì gba Sienna pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí yóò lọ sílé lọ́dún. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwa ti gbé jíìpù oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ wọ ìlú wa rí, a sì ti wọ ọkọ̀ èrò wọ ọ́. Nígbà méjèèjì, ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun kan náà ló sì bi wá: ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé?

Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wa sí ìbéèrè yìí máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ire o.